Níbo Ni Ọmọ Ẹgbẹ́ Wa Ń Sùn?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé àwa ni a ń kọ orúkọ yín sínú ìwé ẹgbẹ́, tí a sì ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ yín, bí a bá dákẹ́, orí wa ni ẹ̀bi rẹ̀ yóò wà. Ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ilé gbígbà ní Port Harcourt yìí.

Ní àkókò òjò tí ó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ọmọbìnrin tí ń ta èlùbọ́, ti ọjà dé, ó bá ẹrù rẹ̀ ní ìta. Kò jalè, kò sì jẹ gbèsè. Ó ti san owó ilé ọdún kan pé pérépéré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe onílé ni ó san án fún. Ọmọ ilé wa kan ni ó san án fún, ẹni tí ó gba yàrá méjì ní Diobu tí ó sì fi ọ̀kan gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ kí onílé mọ̀. Ọkùnrin yìí kò san kọ́bọ̀ fún onílé fún ọdún kan àti ààbọ̀. Onílé pè é lẹ́jọ́, kóòtù dá ilé padà fún onílé, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù sì wá kó gbogbo ohun tí wọ́n bá nínú yàrá méjèèjì síta. Àpò èlùbọ́ mẹ́rin ni òjò bàjẹ́. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a bi í pé rìsíìtì rẹ̀ dà. Ó wò wá lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ilé wa mà ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa bi ọmọ ilé wa ní rìsíìtì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn wa títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn wá jù ni pé, bí ó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin yẹn kú ni, ìwé òfin ẹgbẹ́ wa mọ ohun tí a ó ṣe. Owó pósí wà, owó ọkọ̀ tí yóò gbé òkú relé wà, àwọn tí yóò sin ín dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ náà wà. Nítorí pé ó wà láàyè, a yẹ ìwé òfin wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò rí ojú ewé kan tí ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọjọ́ tí ó wọ ẹgbẹ́, àwa fúnra wa ni a gba owó ìwọlé rẹ̀, tí a bi í ní ìlú rẹ̀ àti orúkọ baba rẹ̀. A kò bi í níbi tí ó ń sùn.

Ìlú àlejò ni Port Harcourt láti ìpilẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Ikwerre àti àwọn Okrika ni kí àwọn òyìnbó tó wá ibi tí omi ti jìn tó fún ọkọ̀ ńlá. Ọdún 1913 ni ìjọba àmúnisìn bá wọn ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ náà, Lugard sì fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tí ń ṣe àkóso àwọn ilẹ̀ àmúnisìn ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ ìlú náà. Nígbà tí yóò fi di 1916, ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èédú láti Enugu wá sí etí omi. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti ń pe ènìyàn wá síbí: iṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ èbúté, lẹ́yìn náà iṣẹ́ epo, pàápàá láti ọdún 1965 tí ilé ìfọpo Alesa-Eleme ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àlejò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sọ ilẹ̀ di aláìlólówó. Ẹ wo orúkọ àdúgbò wa: Rumuola, Rumuigbo, Rumuokoro. Bí àwa ṣe ń sọ pé agbo ilé lágbájá, bẹ́ẹ̀ ni Rumu yẹn ń sọ fún wa pé ìdílé kan ni ó ni ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé ilẹ̀ onílẹ̀, ó yẹ kí onílẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ gbogbo èyí. Owó ọdún kan, nígbà mìíràn ọdún méjì, ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú owó alágbàtà àti owó àdéhùn. Kò ní in. Nítorí náà ó wọ yàrá ọmọ ilé wa, níbi tí ènìyàn márùn-ún ti ń sùn tẹ́lẹ̀. Tàbí kí ó lọ sí etí omi, níbi tí owó ilé ti dínkù. A kò gàn ẹni tí ń gbé etí omi, ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2009 tí ìjọba wó ilé àwọn ará etí omi Njemanze. Ẹlòmíràn a sì gba yàrá nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá omi ti fi àmì síbẹ̀, títí òjò yóò fi wá bá a lórí ẹní. Ta ni ó yẹ kí ó sọ nǹkan wọ̀nyí fún un, bí kò bá ṣe àwa tí a ti pẹ́ níbí?

Ó yẹ kí ó mọ òfin pẹ̀lú. Ẹni tí ń san owó ilé lọ́dọọdún, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ìwé oṣù mẹ́fà ni onílé yóò fún un kí ó tó lè ní kí ó jáde. Ti ẹni tí ń san lóṣooṣù jẹ́ oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, kóòtù nìkan ni ó lè mú un jáde, kì í ṣe onílé pẹ̀lú àwọn jàǹdùkú. Asà rere ni òfin yìí jẹ́ fún ayálégbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí onílé kò mọ̀, tí kò ní ìwé, tí kò sì sí rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò fi hàn adájọ́?

Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Ghana. Ọ̀pọ̀ wọn ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń tajà láti Accra títí dé òkè Ghana, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò. Ogún ọdún tí ènìyàn ti lò ní ìlú kò di ìwé fún un. Nínú orílẹ̀-èdè tiwa ni a wà níhìn-ín, ẹnikẹ́ni kò lè bi wá ní ìwé ìgbélùú, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹni tí kò ní ìwé, ọjọ́ wàhálà ni yóò mọ̀ pé kò ní in.

A mọ ohun tí àwọn àgbà kan yóò sọ. Wọ́n á ní àjò kò dùn kí onílé má rèlé, kí ni a ń wá ilé dáadáa sí fún ní ilẹ̀ onílẹ̀? Wọ́n á rántí wa létí ogun 1967 sí 1970, bí àwọn Ìgbò ṣe sá fi ilé wọn sílẹ̀ níbí, tí wọ́n padà dé tí a sì ti pe ilé wọn ní ilé àpatì. Òótọ́ ni, ìrora ńlá ni, ìwé wọn nìkan kò sì gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n a kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́lé síbí. Ibi tí ènìyàn yóò fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lálẹ́ òní ni a ń sọ. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ti kọ́lé sílé tí aláǹgbá nìkan ń gbé, tí àwa àti àwọn ọmọ sì há mọ́ yàrá kan ní Mile 3.

Àwọn mìíràn yóò ní bí ẹgbẹ́ bá yá ènìyàn lówó ilé, yóò sá lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń mú àbá mẹ́ta wá sí ìpàdé gbogbogbòò. Èkíní, kí a ya ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣooṣù sọ́tọ̀ fún owó ilé. Kí ẹni tí yóò yá a mú onídùúró méjì wá, kí owó náà lọ tààrà sọ́wọ́ onílé, kí ó sì san án padà láàárín oṣù mẹ́wàá láìsí èlé. Èkejì, kí akọ̀wé kọ ibùgbé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ̀dà rìsíìtì owó ilé wọn sì wà nínú àpótí ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fi yàrá gba owó lọ́wọ́ ọmọ ilé wa láìjẹ́ kí onílé mọ̀ san ìtanràn, kí ó sì dá owó ẹni náà padà. Bí ẹ bá bi wá pé níbo ni owó yóò ti wá, ẹ yẹ ìwé ìṣirò ọjọ́ ọdún ẹgbẹ́ wò, kí ẹ rí ohun tí a ná lórí àgọ́ àti onílù.

Kí ọmọ ilé ẹni bèèrè rìsíìtì kì í ṣe àìgbẹ́kẹ̀lé. Òun ni yóò jẹ́ kí a lè máa gbẹ́kẹ̀ lé ara wa lọ. A kò ní kí ẹgbẹ́ má sin òkú mọ́. Ojúṣe wa ni, a ó sì máa ṣe é. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àyà alààyè ni a sì ń sọ. Ọmọbìnrin tí ń ta èlùbọ́ ti rí yàrá sí Rumuola báyìí, lórúkọ ara rẹ̀. Onílé mọ̀ ọ́n, ó sì kọ rìsíìtì fún un. Ẹ̀dà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ àpótí náà, bí ẹ bá gbà.