Ẹ Fi Ìbéèrè Ìwádìí Ìlera Hàn Wá Kí Ẹ Tó Kan Ilẹ̀kùn Wa

Lọ́dún 2018, Àjọ Ìkànìyàn Orílẹ̀-èdè rán òṣìṣẹ́ sí ilé bíi 40,000 káàkiri Nàìjíríà láti béèrè nípa oyún, ọmọ bíbí, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Obìnrin tó lé ní 41,000 ló dá wọn lóhùn. Èsì irú ìwádìí yìí ni ìjọba fi ń mọ iye ọmọ tó ń kú kó tó pé ọdún márùn-ún, nítorí náà n kò bá ẹnikẹ́ni sọ pé kí wọ́n pa á tì. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí wọ́n tó kó ìbéèrè wọn wá sí Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò, ní Àlímọ̀ṣọ́ wa l'Ékòó, kí wọ́n fi hàn wá, kí wọ́n sọ bó ṣe máa pẹ́ tó, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu wa.

Àwọn kan á ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí wọ́n yàn ló dáhùn lọ́dún náà, ta ló wá ń ráhùn? Ẹni tó gbà láti dáhùn lè má ráyè dáhùn dáadáa. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìkànìyàn ti rí i nínú irú ìwádìí yìí, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, pé àwọn abèèrè a máa sún ọjọ́ ìbí ọmọ sẹ́yìn kó lè bọ́ sí òdìkejì ààlà ọdún márùn-ún tó ṣáájú ìwádìí, nítorí pé ìbéèrè lórí ọmọ tó wà láàárín ààlà náà pọ̀ jọjọ. Wọn a sì máa sọ obìnrin ẹni ọdún 49 di ẹni 50, kó lè yọ kúrò nínú àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ bi léèrè. Gígùn ìwé ìbéèrè ló ń fa èyí, ìṣirò ikú ọmọdé ló sì ń bà jẹ́. Obìnrin tó ti ọjà Ìkòtún dé lálẹ́, tí ọbẹ̀ wà lórí iná, tí aládùúgbò sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, báwo ló ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ oyún tó bàjẹ́ fún àlejò láìfi nǹkan pamọ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bẹ̀rù pé ará ìlú á kọ́ ìdáhùn sórí tí wọ́n bá ti rí ìbéèrè ṣáájú, ẹ̀rù náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ ilé tí wọ́n máa yàn. Àtakò tó lágbára ni pé bí ìbéèrè bá yí padà, a ò ní lè fi èsì ọdún kan wé ti òmíràn. Kí wọ́n fi ìbéèrè ìpìlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà nígbà náà. Àwọn tí wọ́n ń fi kún un nígbà ìwádìí kọ̀ọ̀kan ni ká jọ yẹ̀ wò. Ní Amẹ́ríkà, òfin ló ní kí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún aráàlú ní 60 ọjọ́ láti sọ tẹnu wọn lórí ìbéèrè tó fẹ́ bi wọ́n, kó sì kéde iye àkókò tí ìdáhùn máa gbà. Owó Amẹ́ríkà kan náà, láti ọwọ́ àjọ ìrànwọ́ USAID, ló ń gbé púpọ̀ nínú ìwádìí tiwa kí wọ́n tó dá a dúró lọ́dún 2025. Ní báyìí tí ẹrù náà ti ń padà sọ́rùn wa, àwa náà la máa pinnu bí a ṣe fẹ́ béèrè. Àwa náà kò kéré níye: ìkànìyàn 2006 ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti 200,000 ní Àlímọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin Àjọ Ìkànìyàn, ẹ mú ìwé ìbéèrè yín wá sípàdé àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, ẹ kà á sí wa létí lédè Yorùbá, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí a bá sọ sílẹ̀.