Èsì: Kì í Ṣe Ọ̀lẹ Ló Fa Ebi

Sí Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé àìṣiṣẹ́ àgbẹ̀ ló fa ebi kò wo ìpínlẹ̀ Plateau wò. Ìpínlẹ̀ yìí ló ń gbin pòtétò jù ní Nàìjíríà, síbẹ̀ owó oúnjẹ ń ni ìdílé lára ní àdúgbò wa, Gangare, nílùú Jos. Ní 2014, àrùn tó ń jẹ ewé run ba pòtétò jẹ́ lóko. Nígbà ọdún Kérésì 2023, wọ́n pa èèyàn tó lé ní 100 ní Bokkos àti Barkin Ladi ní Plateau yìí kan náà, níbi tí pòtétò ti ń jáde. Àgbẹ̀ tó sá fún ikú kì í ṣe ọ̀lẹ.

Àwọn kan á ní kí ìjọba sáà kó ìrẹsì wọlé. Ìrẹsì ń yóni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀fọ́ tí ara ọmọdé fi ń le. Ìjọba àpapọ̀ kéde ipò pàjáwìrì lórí oúnjẹ lóṣù Keje 2023. Ìkéde nìkan kò tó. Ààbò oko, irúgbìn tí àrùn kò tètè mú àti ilé ìpamọ́ olótùútù ni kí wọ́n fún àgbẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Gangare, Jos.