Ìdíje áàpù: kò yẹ kí ọ̀dọ́ kan ṣoṣo máa bá báǹkì sáré lórí ìlà kan náà

Bí rédíò bá ń kéde ìdíje áàpù, ọ̀pọ̀ yín lọ́jà Atakpamé ló máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Lomé ni, pé kò kan ẹni tó ń ta ẹ̀gẹ́ àti ẹni tó ń kó kòkó. Ó kàn yín o. Áàpù ni àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, èyí tí a fi ń fi owó ránṣẹ́, tí a fi ń mọ iye tí ọjà ń lọ, tí a fi ń pe zémidjan. Ẹni tó bá gbégbá orókè níbi ìdíje ló máa ń rí owó àti orúkọ tí yóò fi gbé tirẹ̀ dé ọwọ́ yín. Torí náà, ẹni tí wọ́n gbà wọlé, àti ẹni tí wọ́n ní kó bá a du ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò le. Kò tọ́ kí wọ́n kó ọ̀dọ́ kan tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀, tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́, sí ìlà kan náà pẹ̀lú iléeṣẹ́ tó ní ogún òṣìṣẹ́, agbẹjọ́rò àti owó ìpolówó, kí wọ́n wá ní kí àwọn méjèèjì máa sáré.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè South Africa. Iléeṣẹ́ MTN bẹ̀rẹ̀ ìdíje áàpù ọdọọdún níbẹ̀ lọ́dún 2012. Áàpù báǹkì FNB, ọ̀kan nínú àwọn báǹkì ńlá ilẹ̀ náà, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Lọ́dún 2013, SnapScan ló borí. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú Stellenbosch ló gbé e jáde: oníbàárà á fi fóònù ya àmì kan tó wà níwájú ìsọ̀, owó á sì bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́jà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2017, Shyft tó jẹ́ ti Standard Bank ló tún gba ipò kìn-ín-ní, báǹkì yìí kan náà ló sì ti ra iléeṣẹ́ tó ni SnapScan. Mi ò sọ pé áàpù àwọn báǹkì yìí kò dára o. Ìbéèrè mi ni pé, kí ni báǹkì fẹ́ fi ẹ̀bùn ìdíje ṣe? Owó tó ń ná láti fi kun ògiri ẹ̀ka rẹ̀ lè ju ẹ̀bùn náà lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bùn yẹn ni ọmọ tálákà ì bá fi ra kọ̀ǹpútà tó dáa.

Ọ̀nà míì wà tí wọ́n lè gbà ṣe é. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, Google kéde mílíọ̀nù 10 dọ́là fún àwọn tó bá lè ṣe áàpù fún Android, nígbà tí kò tíì sí fóònù Android kankan lọ́jà. Iṣẹ́ 1,788 ló wọlé ní ìpele àkọ́kọ́. Wọ́n ṣa 50 nínú wọn, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 25,000 dọ́là pé kí wọ́n lọ fi tún iṣẹ́ wọn ṣe kí wọ́n tó padà wá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó fún mẹ́wàá ní 275,000 dọ́là, tí wọ́n sì fún mẹ́wàá míì ní 100,000. Iléeṣẹ́ wà nínú àwọn tó gbà á. Ṣùgbọ́n Jeffrey Sharkey, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Montana, náà wà nínú mẹ́wàá tó ṣíwájú. CompareEverywhere ni áàpù tirẹ̀: kámẹ́rà fóònù á ka àmì onílà tó wà lára ọjà, á sì sọ iye tí wọ́n ń tà á ní ìsọ̀ míì. Lójú tèmi, 25,000 tí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn láàárín ọ̀nà ló jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dúró. Ẹni tí ebi ń pa kò lè bá ẹni tó yó sáré jìnnà.

Nílé wa ńkọ́? Lọ́dún 2013, ní WoeLab tó wà ní Lomé, Afate Gnikou ṣa àwọn kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ti dà nù sórí ààtàn, ó fi wọ́n to ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní odindi, bí ife tàbí bọ́tìnì. Kì í ṣe áàpù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ká ní ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣé a ó gbọ́ orúkọ rẹ̀? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀, àwa Ifẹ̀ Atakpamé kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún wa.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn iléeṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu, kò yẹ ká fi dùn wọ́n. Bí owó rẹ bá ṣìnà lọ sórí nọ́ńbà ẹlòmíì, iléeṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí o lè lọ jókòó sí, tí wàá sì pariwo. Ta lo fẹ́ lọ bá bí ọmọ tó dá áàpù ṣe bá ti rí iṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé? Áàpù dà bí oko, ẹni tó bá gbìn ín tí kò roko mọ́, igbó ló máa bò ó. Bí fóònù bá ti yí padà, ó di dandan kí wọ́n tún un ṣe, owó kọ̀ǹpútà tó ń gbé e ró kò sì gbọdọ̀ dá. Ọ̀pọ̀ áàpù tó gba ẹ̀bùn ni kì í pẹ́ kó tó kú.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí wọ́n lé iléeṣẹ́ síta. Kí wọ́n pín ìdíje sí méjì ni: ẹni kan ṣoṣo tàbí ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta ní apá kan, iléeṣẹ́ ní apá kejì, kí ẹ̀bùn tàwọn méjèèjì sì dá dúró. Kí wọ́n má sì kó owó ẹni kan ṣoṣo fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n máa fún un díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méjì, níwọ̀n ìgbà tí áàpù náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àwọn adájọ́ náà ńkọ́? Ẹ rántí Novissi, owó ìrànwọ́ tí ìjọba pín nígbà àrùn kòrónà ní oṣù kẹrin 2020. Ní Lomé, obìnrin ń gba 12,250 sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin 10,500. Fóònù kékeré lásán ni ìyá arúgbó fi tẹ nọ́ńbà, tí owó sì wọlé, kò béèrè fóònù ńlá, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba ló ṣe é, kì í ṣe ìdíje, àmọ́ òun ló yẹ kí àwọn adájọ́ fi ṣe òṣùwọ̀n. Kí wọ́n mú áàpù kúrò nínú gbọ̀ngàn amúlétutù Lomé, kí wọ́n gbé e wá sí Atakpamé lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n fún ẹni tó ń ta àgbàdo kó lò ó, kí wọ́n wò ó bóyá ó gbọ́ èdè rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín bá fẹ́ wọlé, ẹ ní kó mú ìwé òfin ìdíje náà wá sílé kó tó fọwọ́ sí i. Kó wá ibi tí wọ́n ti kọ ẹni tó máa ni áàpù náà lẹ́yìn ìdíje. Bí Faransé inú rẹ̀ bá le jù, ẹ gbé e lọ bá olùkọ́ kan kó kà á fún yín.