Ta Ló Ń Gbé Inú Kọ̀ǹpútà Yín?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní ìlú Bìní, Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí ni mo fẹ́ pa mọ́ kọ̀ǹpútà tí púpọ̀ nínú wa ń gbé kiri láàárín Ugbowo àti Ekosodin, tí a fi ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, tí a sì ń ráhùn lé lórí lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin náà mọ ìráhùn náà. Ẹnì kan á ní òun tan kọ̀ǹpútà, òun lọ pọn omi, òun bọ̀, kò tíì jí tán. Ẹlòmíràn á ní òun ra dátà lálẹ́, òun kò wo fíìmù, òun kò gbọ́ orin, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, dátà ti wọmi. Ẹ̀kẹta á ní fáànù inú rẹ̀ ń pariwo nígbà tí òun kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Á ní bóyá ayé ló ń ṣe òun. Kò ní pẹ́, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Wọ́n á pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, wọ́n á fi Windows mìíràn sí i, wọ́n á sì gba owó wọn. Èyí ni à ń pè ní fọ́ọ̀mátì.

Èrò tèmi ni pé àṣà fọ́ọ̀mátì yìí ń ṣe wá ní jàǹbá. Ẹni tí eku wọ yàrá rẹ̀ kì í dáná sun ilé. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà nínú ilé, ẹni tó pè é wá, àti ohun tó ń jẹ níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kì í dá jí. Bí Windows bá ti ń jí, ìwé orúkọ kan wà tí ó máa ń yẹ̀ wò. Gbogbo ètò tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ni yóò jí pẹ̀lú rẹ̀. Ètò tí a fi ń pe ènìyàn lórí fídíò wà níbẹ̀, ti orin wà níbẹ̀, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a kò lò láti ọdún mélòó kan náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á ní, "Èmi nìkan ṣoṣo, kí ni mo fẹ́ jẹ?" Ẹ wo yàrá kan ní Ekosodin tí ẹni méjì san owó rẹ̀, tí ẹni mẹ́sàn-án ń sùn síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba squatter rí mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ méjì péré ló ní òun yóò lò. Kí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó parí, òun ló ń bi yín pé kí lẹ fẹ́ sè. Kọ̀ǹpútà tí agbára ìrántí rẹ̀ kò ju 4GB lọ kò lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá la ẹnu ògiri? Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa fúnra wa ni. A ń fi ètò sínú kọ̀ǹpútà, a ń tẹ "Next, Next, Finish" láì ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti tọrọ àyè. A ń gba ètò ayédèrú tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, a kò béèrè ohun tí ẹni tó já a fi pamọ́ sínú rẹ̀. A ń ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà ibi tí a ti ń tẹ ìwé, a sì ń kì í bọ tiwa bí a bá délé. Nígbà kan, Windows lè ṣí ohun tó wà lórí fíláàṣì fúnra rẹ̀. Ọ̀nà yìí wà lára èyí tí kòkòrò Conficker gbà tàn kálẹ̀ ní nǹkan bí 2008 sí 2009. Microsoft ti dí ihò náà, wọ́n sì fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn Windows àtijọ́ ní oṣù kejì 2011. Kòkòrò wá yí ọgbọ́n padà. Ó ń gbé àpò ìwé wa pamọ́ sórí fíláàṣì, ó ń fi àmì tó jọ ọ́ rọ́pò rẹ̀, kí a lè fi ọwọ́ ara wa tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọmọ ìta nìkan ló ń wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Ní 2005, ilé-iṣẹ́ olórin Sony BMG ta àwọn sídì orin kan. Ẹni tó bá fi wọ́n sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti gbọ́ orin, ètò kan yóò bá wọn wọlé, yóò sì fara pamọ́ débi pé Windows fúnra rẹ̀ kò ní rí i mọ́. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Mark Russinovich ló bá a nínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún náà. Ariwo ta, ẹjọ́ dé, ilé-iṣẹ́ náà sì kó àwọn sídì náà kúrò lọ́jà. Nítòsí wa níhìn-ín, ní oṣù kẹjọ 2020, ilé-iṣẹ́ Upstream kéde pé àwọn rí ètò Triada àti xHelper lórí fóònù Tecno W2 tí àwọn ènìyàn ń lò ní Gánà, Kamẹrúùnù àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà. Wọ́n ní ètò náà ń fi orúkọ ẹni tó ni fóònù ra ohun tí onítọ̀hún kò mọ̀ nípa rẹ̀. Tecno fèsì pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé àwọn ti fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti 2018. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọjà tuntun inú páálí pàápàá yẹ ní bíbi léèrè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní fọ́ọ̀mátì yá, ó sì ń ṣiṣẹ́. Lóòótọ́ ni, bí kòkòrò bá ti ta gbòǹgbò, ó lè di dandan. Ṣùgbọ́n kí ni a ń pàdánù? Iṣẹ́ àṣekágbá tí a kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn, àwòrán, àkọsílẹ̀ kíláàsì ọdún mẹ́rin. Bí Windows tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ bá jẹ́ ayédèrú, squatter mìíràn lè ti wà nínú rẹ̀. Bí a bá sì ki fíláàṣì àná bọ̀ ọ́, eku àná ti padà sílé.

Owó wa náà wà ńbẹ̀. Ní oṣù kìíní 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún owó wọn, tó lè tó ìdá 50 nínú 100. Ní ti iná, gbogbo wa mọ bó ti rí: ní oṣù keje 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIBEN ṣe ìwọ́de nítorí àìsí iná, wọ́n sì ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa. Ètò tí a kò pè, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, dátà yìí àti bátìrì yìí ló ń jẹ.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager yóò ṣí. Láti ìgbà Windows 8 ní 2012 ni ìwé orúkọ tí mo wí ti wà níbẹ̀, lábẹ́ Startup. Èyí tí ẹ kò nílò, ẹ yan Disable fún un. Kò ní parẹ́. Kò kàn ní dá jí mọ́ ni, yóò dúró títí ẹ ó fi pè é. Fún ti dátà, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Data usage, yóò sọ iye tí ètò kọ̀ọ̀kan jẹ. Bí ó bá jẹ́ dátà fóònù ni ẹ ń pín fún kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Metered connection, kí Windows lè máa ṣọ́ owó ná. Bí ẹ bá fẹ́ wá inú kọ̀rọ̀, Russinovich tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan àti Bryce Cogswell ṣe ètò kan tó ń jẹ́ Autoruns. Ọwọ́ Microsoft ló wà láti 2006, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi tí ètò lè sápamọ́ sí hàn. Ẹ fi àwọn ti Microsoft pamọ́ kí ẹ tó wò ó, kí ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú èyí tó ń fu yín lára. Ẹ má tíì pa á rẹ́. Fún kòkòrò tó ń fara pamọ́, Microsoft Defender Offline ń wá a kí Windows tó jí.

Síbẹ̀, ẹ má torí ìfura ba ilé jẹ́. Gbogbo orúkọ tí a kò mọ̀ kọ́ ni olè. Ẹ lè rí svchost.exe lọ́pọ̀ ìgbà. Ara Windows ni, bí ó bá ti jẹ́ pé inú System32 ló ti wá. Ẹ má sì pa àtúnṣe Windows tì títí lọ nítorí dátà. Ní oṣù kẹta 2017 ni Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde fún ihò tí kòkòrò WannaCry gbà wọlé ní oṣù karùn-ún. Àwọn tí kò gbà á ló jìyà rẹ̀. Windows 10 náà, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún un dúró. Ẹni tó ṣì ń lò ó, kó ronú sí i.

Ẹgbẹ́ wa ń ṣe ọjọ́ àṣà, a sì ń kí ọmọ tuntun káàbọ̀. Kò ní burú bí a bá ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìpàdé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí kálukú gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, kí ẹni tó mọ̀ kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ wọn síbi méjì kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹni tó ń múra láti gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, kó kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ lálẹ́ òní. Èyí tí ẹ kò bá pè, ẹ ní kó máa lọ. Ire o.