Ẹgbẹ́ Tuntun àti Àwọn Tí Ẹlòmíràn Fi Sílẹ̀

Bí wọ́n bá fún ọkùnrin kan ní ilé tuntun, tí wọ́n sì pàṣẹ fún un pé kìkì ohun tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ bá kó síta ni kí ó fi ṣe ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́, gbogbo ènìyàn ni yóò káàánú rẹ̀. Síbẹ̀, irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé, owó ńlá ni wọ́n sì ń san kí wọ́n tó lè tẹ̀ lé e. Kí ẹgbẹ́ Charlotte Bobcats tó wọ inú àjọ NBA ní ọdún 2004, 300 mílíọ̀nù dọ́là ni Robert Johnson tí ó ni ẹgbẹ́ náà gbà láti san.

Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá, tí wọ́n sì ń jù sínú àwọ̀n tí ó so mọ́ òrùka irin lókè. Ènìyàn márùn-ún péré ni ẹgbẹ́ kan ń fi sórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ọ́n gbá lè yí gbogbo eré padà, ju bí ó ti rí nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí ènìyàn mọ́kànlá ń gbá. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àtijọ́ kì í fi í jẹ́ kí ẹni rere rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àlejò.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Owó ẹgbẹ́ tuntun lè tó ti àwọn tí ó bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹnì kankan tí yóò bá a gbá bọ́ọ̀lù. Èyí ni ó mú kí àjọ náà ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, tí ẹgbẹ́ tuntun yóò yan ènìyàn lára àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ yòókù. Ní ọdún 2004 náà, ẹgbẹ́ àtijọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹni mẹ́jọ pamọ́. Nínú ìyókù ni Charlotte ti yan, kò sì gbọdọ̀ mú ju ẹyọ ẹnì kan lọ láti inú ẹgbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó mọ eré náà ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ó ṣọ̀wọ́n kí olùkọ́ni lo ju ẹni mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ ní ọjọ́ tí ìjà bá le. Ẹni tí ó bá kù lẹ́yìn mẹ́jọ kì í ṣe ẹni tí wọ́n gbójú lé. Òmíràn nínú wọn jẹ́ àgbà tí orúkọ rẹ̀ tóbi ju agbára orúnkún rẹ̀ lọ, tí owó àdéhùn rẹ̀ sì ti di ẹrù lọ́rùn ọ̀gá rẹ̀. Òmíràn jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì gbó. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láàrin wọn tí ó jẹ́ pé òjìji akọni ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Ó mọ eré náà, ara rẹ̀ sì le, àmọ́ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò. Ẹni yìí ni ó yẹ kí ojú ẹgbẹ́ tuntun wà lára rẹ̀.

Charlotte rí irú rẹ̀ kan. Gerald Wallace ti lo ọdún mẹ́ta ní Sacramento, orí ìjókòó ni ó sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọdún 2010, òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti inú ẹgbẹ́ Bobcats tí wọ́n yàn mọ́ àwọn ìràwọ̀ àjọ NBA, ọdún náà gan-an ni ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ́kọ́ yege láti bá àwọn aṣáájú du ife ẹ̀yẹ.

Àwọn olówó kì í sábà fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ni wọ́n ń wá. Nígbà tí àjọ náà dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀ ní Kánádà ní ọdún 1995, Toronto Raptors àti Vancouver Grizzlies, B.J. Armstrong ni Toronto kọ́kọ́ yàn. Ọkùnrin náà ti bá Chicago gba ife ẹ̀yẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyàn náà sì dára lójú gbogbo ènìyàn àfi lójú Armstrong fúnra rẹ̀. Ó kọ̀, kò lọ. Kò wọ aṣọ Toronto rí tí wọ́n fi fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Golden State. Wọn kò bi í léèrè kí wọ́n tó yàn án; òfin kò sì sọ pé kí wọ́n bi í. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ju òfin lọ nínú irú ọ̀ràn yìí, nítorí a-fipá-mú kì í gbá bọ́ọ̀lù tọkàntọkàn.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni wọ́n yan àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ gíga bọ̀, ìlú Toronto gan-an ni wọ́n sì ti ṣe é. Ed O'Bannon ni àwọn ará ìlú ń fẹ́, nítorí pé ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, UCLA, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ ni. Isiah Thomas tí ó jẹ́ alákòóso Toronto kò gbọ́ tiwọn. Damon Stoudamire ni ó mú, ọkùnrin kúkúrú kan láàrin àwọn òmìrán, àwọn ènìyàn sì hó lé e lórí tẹ̀gàntẹ̀gàn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1996, Chicago tí ó jẹ́ pé ìgbà 10 péré ni ó pàdánù nínú eré 82 lọ́dún náà, wá sí Toronto, ẹgbẹ́ tuntun sì borí wọn pẹ̀lú 109 sí 108. Stoudamire nìkan gbá 30 wọlé nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n dá lọ́lá lópin sáà náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ta yọ jù láàrin àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún méjì péré ni O'Bannon lò nínú àjọ NBA.

Ní ti Vancouver, ìbànújẹ́ ni ìtàn rẹ̀. Ó borí nínú eré méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó pàdánù 19 ní ìtẹ̀léra. Kí sáà sì tó parí, ó tún pàdánù 23 ní ìtẹ̀léra. Ní ọdún 2001 wọ́n kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Memphis. Kì í ṣe ìpàdánù nìkan ni ó lé wọn lọ, nítorí pé owó Kánádà kò ní iyì tó dọ́là Amẹ́ríkà nígbà náà, owó Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi ń san owó iṣẹ́. Síbẹ̀, ọmọdé tí ó ti ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà lọ sí ilé ìwé láti ọdún 1995 kò mọ ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ owó. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ẹgbẹ́ ìlú òun ti lọ.

Àwọn kan wà tí ń sọ pé ìpàdánù kò burú rárá, pé kí ẹgbẹ́ tuntun tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, kí ó lè wà níwájú nígbà tí wọ́n bá ń yan àwọn ọ̀dọ́. Milwaukee ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Òtítọ́ ni pé ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968, ó mú ọ̀dọ́ òmìrán tí wọ́n ń pè ní Lew Alcindor ní ọdún 1969, ẹni tí ó di Kareem Abdul-Jabbar lẹ́yìn náà, ó sì gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 1971. Ṣùgbọ́n báwo ni ó ṣe rí i mú? Wọ́n ju owó ẹyọ sókè láàrin Milwaukee àti Phoenix ni. Ọdún kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì dé. Eré 55 ni Milwaukee pàdánù, Phoenix sì pàdánù 66. Bí ìpàdánù bá jẹ́ ọgbọ́n ni, Phoenix ni ó gbọ́n jù. Owó ẹyọ já sí ti Milwaukee.

Charlotte pàápàá rí ìjà òfo yìí. Ní sáà tí ó parí ní ọdún 2012, eré 7 ni ó borí, ó pàdánù 59. Kò sí ẹgbẹ́ NBA kan ṣáájú rẹ̀ tí ìpín ìṣẹ́gun rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké, New Orleans ni ó mú ipò kìn-ín-ní, tí ó sì fi yan Anthony Davis. Ẹni tí ó bá fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti máa pàdánù, tí kèké kò sì mú un, kí ni yóò kù sí i lọ́wọ́ bí kò ṣe àwọn ọmọ tí ó ti mọ ìpàdánù lára?

Àwọn obìnrin ni ó fi ọ̀nà tí ó dára jù hàn títí di ìsinsìnyí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ẹgbẹ́ Golden State Valkyries ti ìlú San Francisco yan àwọn tirẹ̀ nínú àjọ WNBA. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò rọrùn ju ti Charlotte lọ: ẹgbẹ́ 12 ni ó wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi ẹni mẹ́fà pamọ́. Ohemaa Nyanin tí ó jẹ́ alákòóso kò wá orúkọ. Ó yan ẹni 11, ó sì fi Seattle sílẹ̀ láìyan ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Láti New York tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ, ó mú Kayla Thornton tí ó ń jókòó de àwọn ìràwọ̀. Láti Connecticut, ó mú Veronica Burton, ẹni tí Dallas ti kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Láti Indiana, ó mú Tèmítọ́pẹ́ Fágbénlé tí ó dàgbà ní London, tí kò sí ọmọ Yorùbá kan tí yóò béèrè ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ̀wé lórí eré náà rò pé ìsàlẹ̀ ni wọn yóò wà. Natalie Nakase tí ó jẹ́ olùkọ́ni wọn kọ́ wọn láti dènà ọ̀tá kí wọ́n tó ronú àtijù sáwọ̀n. Thornton di ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ àjọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀ nínú oṣù keje, kò tún gbá mọ́ ní sáà náà. Àwọn yòókù kò wó lulẹ̀. Wọ́n borí nínú eré 23, wọ́n pàdánù 21, wọ́n sì di ẹgbẹ́ tuntun àkọ́kọ́ nínú ìtàn WNBA tí ó yege láti du ife ẹ̀yẹ ní ọdún tí ó kọ́kọ́ dé. Burton ni wọ́n dá lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tẹ̀síwájú jù lọ́dún náà, Nakase sì gba oyè olùkọ́ni tí ó dára jù.

Gbọ̀ngàn wọn ní San Francisco, tí ènìyàn tí ó ju 18,000 lọ ti ń kún ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù nílé, ti wà lọ́wọ́ àwọn agbátẹ́níìsì nígbà tí ìdíje ìkẹyìn náà dé. Ìlú San Jose ni wọ́n gbé eré náà lọ, níbi tí Minnesota ti fi àmì ẹyọ kan borí wọn, 75 sí 74.