Ìkànnì Tí Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀ Kò Sí Lọ́wọ́ Wa Kì í Ṣe Tiwa

Ó ti di àṣà láàrin àwọn oníṣòwò wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀, láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, pé bí wọ́n bá ti sanwó fún ọ̀dọ́ kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì rí orúkọ ilé iṣẹ́ wọn lójú ẹ̀rọ, wọ́n á ní àwọn ti ní ìkànnì ayélujára. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́lé, tí ìwé ilẹ̀ wà lórúkọ ẹlòmíràn, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹlòmíràn, àlejò ni nínú ilé náà. Kò tó kí a kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ṣe ń gbé ìkànnì kalẹ̀. Ó di dandan kí wọ́n mọ bí a ṣe ń ní i, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni ìkànnì okòwò. Èkíní ni orúkọ, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní nom de domaine. Irú rẹ̀ ni èyí tí ó parí sí.bj ní Bẹ̀nẹ̀, tàbí .tg ní Tógò. Èkejì ni ààyè tí a háyà lórí ẹ̀rọ tí kì í sùn, níbi tí a kó àwọn ojú ìwé sí. Ẹ̀kẹta ni àwọn ojú ìwé fúnra wọn: ọ̀rọ̀, àwòrán àti iye owó ọjà. A kì í ra orúkọ ní àràmálè. Owó rẹ̀ ní àkókò tí ó gbọ́dọ̀ padà san, bí a bá sì jẹ́ kí ọjọ́ kọjá, ẹlòmíràn lè gbà á. Ẹni tí orúkọ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lè kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ààyè kan lọ sí òmíràn, kí oníbàárà má tilẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ojú ìwé rẹpẹtẹ, tí orúkọ kì í ṣe tirẹ̀, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó kọ́lé sí.

Báwo ni ọ̀ràn náà ṣe máa ń rí? Ẹni tí ó kọ́ ìkànnì a fi orúkọ ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ gba orúkọ ìkànnì, nítorí pé ó yá jù bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò kò bèèrè. Ọdún yípo, ọ̀dọ́ náà ti rí iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Ìránnilétí pé owó ti tó san ń wọ inú ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́. Lọ́jọ́ kan, ìkànnì parẹ́. Orúkọ tí a ti kọ sára pátákó, sára ọkọ̀ àti sára báàgì kò ṣílẹ̀kùn ibì kankan mọ́. A kò sọ pé olè ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Olóòótọ́ pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ inú bírìkìlà kò lè rọ́pò ìwé ilẹ̀.

Àwọn kan yóò ní Facebook àti WhatsApp ti tó. Lóòótọ́, ibẹ̀ ni èrò pọ̀ sí, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ pọ̀ káàkiri ayé fún nǹkan bíi wákàtí 6. Ẹni tí gbogbo òwò rẹ̀ wà níbẹ̀ di ẹni àwátì. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ni àgbàlá yẹn. Òun ni ó ń ṣí i, òun ni ó sì lè tì í. Wẹ́ẹ̀bù kò rí bẹ́ẹ̀. Tim Berners-Lee gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1989 nílé ìwádìí CERN ní Geneva. Ní ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. WordPress, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ìkànnì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Nítorí náà, àìmọ̀ ń dí wa lọ́wọ́ ju àìlówó lọ.

Kí ni ó wá yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun mọ̀? Kíka ìtumọ̀ kọ̀ǹpútà sórí nítorí ìdánwò kò lè bọ́ ọ. Kí ó mọ bí a ṣe ń gba orúkọ ní orúkọ oníṣòwò gan-an. Kí ó mọ bí a ṣe ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, kí a gbé e síbòmíràn, kí a sì dán an wò bóyá ó ṣeé dá padà. Kí ó mọ̀ pé irinṣẹ́ tí a kò sọ dọ̀tun ni ọ̀nà tí olè ń gbà wọlé. Kí ó mọ̀ pé àwòrán tí tẹlifóònù yà lè tó mẹ́gábáìtì 4 tàbí 5, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà ń fi owó ra mẹ́gà tí ó fi ń wò ó. Kí ó gé e kúrú títí yóò fi wálẹ̀ sí kílóbáìtì 200. Kí ó ka Code du numérique ti Bẹ̀nẹ̀, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, nítorí pé òfin wà lórí òwò orí ayélujára àti lórí orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà tí a ń kó jọ.

Ọ̀rọ̀ inú ìkànnì náà ńkọ́? « Bienvenue sur notre site », oríkì ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìlà ogún, a kò sì rí iye owó ọjà! Oníbàárà fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń tà, èló ni, níbo ni ẹ wà, ta ni òun lè pè, ṣé òun lè fi MoMo san án. Bí a bá sì kọ Yorùbá, kí a kọ ọ́ dáadáa. Alágbẹ̀dẹ tí ó kọ « oko » láìfi àmì sí i, ṣé ọkọ́ ni ó ń tà ni, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ ìyàwó? Ẹ̀rọ òde òní gba ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. A kò ní àwáwí mọ́.

Àwọn baba wa tí wọ́n mọ odi Kétu kò fi Àkàbà Ìdènà sílẹ̀ fún àlejò ṣọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò ẹgbẹ́ wa, ẹ bèèrè lónìí: orúkọ ta ni ìkànnì wa wà? Ọwọ́ ta ni ọ̀rọ̀ aṣínà wà? Níbo ni ẹ̀dà ìpamọ́ wà? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má gba ìyókù owó iṣẹ́ yín kí ẹ tó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́. Kí ẹgbẹ́ wa náà sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí oníṣẹ́ ọwọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ẹ̀rọ kan náà, kí wọ́n ṣe é pọ̀ títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.