Ẹ Jẹ́ Kí Àlejò Mọ Àwọn Tó Sùn ní Rupert's: Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà St Helena

Ọlọ́lá Gómìnà,

Ilẹ̀ Yorùbá ni mo ti ń kọ̀wé yìí, mo sì mọ̀ pé ó lè yà yín lẹ́nu, pé kí ni Yorùbá ń wá ní St Helena. A débẹ̀ rí. Ní ọdún 1861, àwọn Yorùbá kan, tọkùnrin tobìnrin, ọmọ Òkè-Ọdàn, kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ẹni tó wà lórí àga yín nígbà náà. Wọ́n ti kó wọn lẹ́rú, wọ́n ti gbé wọn sójú òkun, kí àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó já wọn gbà, tí wọ́n sì kó wọn wá sí erékùṣù yín. Ohun tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ gómìnà kò ju pé kí ó jẹ́ kí àwọn padà sí Èkó. Òkè-Ọdàn ṣì wà títí dòní ní ilẹ̀ Yewa, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni ọ̀rọ̀ tí mo bá wá.

Ọ̀rọ̀ àlejò tún ni. Erékùṣù yín ń wá àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, ó sì tọ́ kí ó máa wá wọn. Ilẹ̀ tí ènìyàn ibẹ̀ kò tó 5,000, tó dá wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì, tó fi nǹkan bí 1,900 kìlómítà jìnnà sí etíkun Àǹgólà, ó yẹ kí ó rí ohun tí yóò máa mú owó wọlé. Mo sì mọ ìyà tí ọ̀nà àtidé ibẹ̀ ti fi jẹ yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ ojú omi RMS St Helena nìkan ni ìrètí, ọjọ́ márùn-ún gbáko ló sì ń lò láti Cape Town. Nígbà tí ìjọba Bìrìtéènì wá ná owó tó lé ní mílíọ̀nù 280 pọ́n-ùn sórí pápákọ̀ òfuurufú, afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lò ó lásìkò. Orí bèbè òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì máa ń ṣàdédé yí ọwọ́ padà tí kò fi rọrùn fún ọkọ̀ ńlá láti balẹ̀. Ọdún 2016 ló yẹ kí wọ́n ṣí i fún èrò. Ó di oṣù Kẹwàá ọdún 2017 kí ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò wá láti Johannesburg.

Àlejò tó bá wá dé ibẹ̀ kò ní sọ pé òun ṣòfò. Jacob's Ladder wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn tó gba ara òkè lọ sókè tààrà láti Jamestown, olú ìlú yín, ìṣísẹ̀ 699. Nínú ọgbà ilé yín gan-an, ní Plantation House, ni Jonathan ti ń jẹko, ìjàpá ràgàjì tí wọ́n gbà pé a bí ní nǹkan bí ọdún 1832, tó fi ju gbogbo ẹranko orí ilẹ̀ tí a mọ ọjọ́ orí wọn lọ. Ẹyẹ wirebird wà, tí kò sí níbòmíràn láyé. Orí Diana's Peak wà, tí ìkùukùu máa ń bò, tí púpọ̀ nínú ewé àti igi rẹ̀ kò sí níbòmíràn. Bí ọdún bá sì bẹ̀rẹ̀, àwọn whale shark, ẹja tó tóbi jù lọ nínú òkun, á wá sí omi yín, àlejò á sì lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gbogbo ìwọ̀nyí dára. N kò fẹ́ kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀.

Napoleon ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí òun ni orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ yín. Oṣù Kẹwàá ọdún 1815 ni wọ́n gbé e dé, lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní Waterloo. Longwood ni wọ́n fi í sí, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkè tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún ọdún 1821. (Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, ẹni tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Òun náà, ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀, Sàró ni wọ́n kó tirẹ̀ lọ.) Wọ́n sin Napoleon sí àfonífojì kan tó tutù minimini. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kò fẹnu kò lórí orúkọ tí wọn yóò kọ sára òkúta rẹ̀, nítorí náà wọn kò kọ nǹkan kan sí i. Ní ọdún 1840, ìjọba Faransé rán ọkọ̀ ogun wá, wọ́n hú òkú náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Paris tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ní ọdún 1858, wọ́n ra ilé Longwood àti ojú oórì náà, tiwọn ni títí dòní. Kò sí òkú níbẹ̀ mọ́, kò sì sí orúkọ lára òkúta, síbẹ̀ wọ́n fi irin yí i ká, wọ́n gbin òdòdó sí i, àlejò sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó.

Ní ọdún 1840 yẹn gan-an, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ ní erékùṣù yín láti máa dá ẹjọ́ ọkọ̀ tí wọ́n bá mú pé ó ń kó ẹrú. Àwọn tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó sí àfonífojì Rupert's, ní ẹ̀gbẹ́ Jamestown. Ibẹ̀ gbẹ, òkúta ló pọ̀ níbẹ̀, òkè gíga sì há a mọ́ ní ọ̀tún ní òsì. Láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, àwọn tó lé ní 25,000 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní erékùṣù náà. Àwọn mìíràn ti kú nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Àrùn olóde, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ebi tí wọ́n ti bá bọ̀ láti inú ọkọ̀ pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gúnlẹ̀. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 8,000 ni wọ́n sin sí Rupert's, òmíràn láìsí pósí, òmíràn ní méjì mẹ́ta nínú kòtò kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yè ni wọ́n tún kó sọ́kọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Guyana, Trinidad, Jàmáíkà àti Cape. Òmìnira tí wọ́n ní àwọn fún wọn kò ní ọ̀nà ilé nínú.

Nítorí pápákọ̀ òfuurufú ni ayé ṣe tún gbọ́ nípa wọn. Ojú ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà kó ohun èlò ìkọ́lé láti etí omi Rupert's lọ sí òkè gba orí ibojì. Ní ọdún 2008, àwọn awalẹ̀pìtàn hú òkú 325. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ti pa eyín bí wọ́n ṣe ń pa á nílùú wọn, àwọn kan ṣì ní ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà lára. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n tì mọ́ abẹ́ ọkọ̀, tó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ ilé rẹ̀ fi pamọ́ títí ó fi kú, ó yẹ ní ẹni tí à ń bọlá fún. Inú yàrá ìkẹ́rù kan ní Jamestown ni egungun wọn wà fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, kí wọ́n tó tún wọn sin ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ erékùṣù náà tí wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn, tí wọ́n sin wọ́n nígbẹ̀yìn bí ènìyàn ṣe ń sin ènìyàn. Ṣùgbọ́n 325 nìyẹn. Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún yòókù ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ní àfonífojì tí ẹ̀rọ amúnáwá, àgbá epo àti èbúté ọkọ̀ wà.

N kò ní purọ́ fún yín, Ọlọ́lá: kì í ṣe Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yà Kóńgò àti Àǹgólà ni èyí tó pọ̀ jù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àbùdá ìran (DNA) ènìyàn ogún nínú wọn, tó jáde ní 2023, fi hàn pé láàárín àríwá Àǹgólà àti Gàbọ́ọ̀nù ni wọ́n ti wá. Síbẹ̀, ará Òkè-Ọdàn wà nínú àwọn tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yín, ìyà tó sì jẹ ará Kóńgò nínú ọkọ̀ náà ló jẹ wọ́n. Èmi kò lè ya òkú sọ́tọ̀ ní ẹ̀yà ní ẹ̀yà.

Àwọn kan á sọ pé ibojì kì í ṣe ibi ìgbafẹ́, pé kí a fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, n kò sì fara mọ́ ọn. Ní Àgbádárìgì tiwa, ojoojúmọ́ ni àlejò ń wọkọ̀ sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹrẹfú, wọ́n á fẹsẹ̀ rin ọ̀nà iyanrìn tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sí etí òkun. Kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀ lọ jó. Wọ́n ń lọ nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti òkè òkun wá. Bí a kò bá fi ibi kan han ẹnikẹ́ni, tí a kò sì kọ nǹkan kan sí i, a kò bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn tó fẹ́ kọ́lé ni ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sí lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tó dára ní í yọ obì lápò, nítorí náà mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ilẹ̀ ibojì Rupert's, ti apá òkè àfonífojì náà àti ti apá ìsàlẹ̀, kí wọ́n pààlà sí i, kí òfin sì dá ààlà náà mọ̀. Ẹ jẹ́ kí Rupert's wà nínú ìrìn àjò gbogbo àlejò, kí ẹni tó ń mú wọn lọ sí Longwood mú wọn dé ibẹ̀ náà, kí ó sì mọ ohun tí yóò sọ. Ẹ gbé ẹ̀dà ìwé ẹ̀bẹ̀ ọdún 1861 sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nísàlẹ̀ Jacob's Ladder, kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ààfin Òkè-Ọdàn, kí ẹ sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìbàdàn. Kò sí èyí tí yóò ná ìjọba tó ìdá kékeré nínú owó pápákọ̀ òfuurufú náà.

Ẹ̀yin Yorùbá tí ẹ bá ka ìwé yìí ní London, ẹ rántí pé abẹ́ ìjọba tí ẹ ń san owó orí fún ni St Helena wà. Ẹ kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín, ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nípa Rupert's.

Ọlọ́lá Gómìnà, kí wọ́n tó tún gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kankan ní àfonífojì náà, ẹ pàṣẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pààlà sí ilẹ̀ àwọn òkú.

Èmi ni,
Ọmọ Yorùbá kan.